Ọjọ́ Àìkú Mẹ́rin àti Kámẹ́rà Kan

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni obìnrin kan fi wà nídìí kámẹ́rà, tó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún gbogbo ẹni tó bá jókòó síwájú rẹ̀: "Ẹ má mira." Fọ́tò pélébé ni iṣẹ́ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà àti káàdì ibi iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ. Aṣọ funfun wà lára ògiri, àpótí ìjókòó tí kò ní ẹ̀yìn wà níwájú aṣọ náà, dígí kékeré kan wà fún àwọn tó bá fẹ́ tún irun wọn ṣe, bẹ́ǹṣì kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà fún àwọn tó ń dúró. Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ ní Má-mira. Ọmọ tó bá ń yọ ìyá rẹ̀ lẹ́nu lójú pópó, ìyá rẹ̀ á ní, "Màá mú ọ lọ bá Má-mira o," ọmọ náà á sì dákẹ́ wẹ́lo.

Má-mira kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ẹnu rẹ̀ ló mú díẹ̀, kò sì fẹ́ràn ẹni tó bá ń pa ojú dé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yà á. Ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà nílé ọkọ wọn, òun nìkan ló kù nínú ilé oníyàrá méjì kan tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó ti ya adájọ́, ó ti ya olè, ó ti ya àwọn ìbejì tí ìyá wọn fúnra rẹ̀ kò dá mọ̀ yàtọ̀ lórí fọ́tò. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo ìlú náà tí kò ní fọ́tò rẹ̀, ẹni náà sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá.

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n. Òpópónà mẹ́rin péré ló wà láàárín ilé àwọn méjèèjì. Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ gba káàdì tuntun, bọ́ọ̀sì méjì ni ó wọ̀ lọ ya fọ́tò ní òdìkejì ìlú. Àwọn tó rí i ní fọ́tò náà kò dára, pé ojú rẹ̀ dúdú níbẹ̀ bí ẹni tó wọ inú àjà. Inú Má-mira dùn nígbà tó gbọ́, fún bí ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sẹ́yìn aṣọ funfun rẹ̀, ó sunkún.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti sọ. Ọdún mẹ́ta ni ìyá wọn fi ṣàìsàn nílé ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń fún un lóògùn, ibi tí ó ti ń ránṣọ ló ti ń gbọ́ ìkọ́ rẹ̀ láti inú yàrá kejì. Má-mira máa ń wá ní ìrọ̀lẹ́, á jókòó díẹ̀, á dá ìyá lẹ́rìn-ín, á sì lọ. Ní ọjọ́ tí ìyá yóò kú, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n pè é lórí fóònù. Ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún kan wà lórí bẹ́ǹṣì Má-mira lọ́jọ́ náà, wọ́n ń múra ìrìn-àjò, ìwé wọn gbọ́dọ̀ wọlé kí ọ́fíìsì tó ti. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dáhùn pé, "Mò ń bọ̀." Nígbà tó dé, wọ́n ti fa aṣọ bo ìyá lójú. Ẹ̀gbọ́n kò pariwo, kò bú u. "O ti dé," ni gbogbo ohun tó sọ, ó sì yí padà, ó ń ká aṣọ.

Ọdún kẹfà rèé. Ìjà aláriwo ní òpin, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, nítorí àwọn àgbà á gbọ́, wọ́n á sì wá là á. Ṣùgbọ́n ta ni yóò la àwọn tó ń kí ara wọn? "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi." "Káàárọ̀." Ó parí síbẹ̀. Bí Má-mira bá fẹ́ sọ nǹkan mìíràn lé e, ojú ẹ̀gbọ́n á ti kúrò lára rẹ̀, á ti bọ́ sára bọ́tìnnì ẹnì kan tó ń kọjá lọ. Má-mira mọ̀ pé òun lòun jẹ̀bi. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Òun tó ṣu pàápàá kò rí i gbàgbé. Àárò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ ọ́ tọ̀sán-tòru. Á máa se oúnjẹ, á rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kan tó jẹ́ pé ènìyàn kan ṣoṣo láyé ni yóò yé, á sì rántí pé ẹni yẹn kì í bá òun sọ̀rọ̀.

Nígbà tí fóònù gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn bíi tirẹ̀, tí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà ń ṣófo láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ó rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé. Wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn ènìyàn bí a ṣe ń fi kámẹ́rà kan ṣoṣo ṣe fíìmù kékeré, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Má-mira ní bóun bá jókòó sílé, òun á máa bá ògiri sọ̀rọ̀. Ó lọ forúkọ sílẹ̀.

Àwọn márùn-ún ni wọ́n jẹ́. Panápaná kan tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, ọkùnrin kan tó ń tún kọ́kọ́rọ́ ṣe náà wà níbẹ̀, àti àwọn méjì tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín ní gbogbo ìgbà. Tíṣà wọn kò tó ọmọ bíbí Má-mira lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò gba gbẹ̀rẹ́. Ohun yòówù tí ènìyàn bá yà wá, yóò wò ó, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní, "Ó dáa o. Ẹ tún un ṣe." Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, wọ́n ti sọ ọ́ ní Tún-un-ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Má-mira tó ti ń sọ ènìyàn di òkúta láti ọgbọ̀n ọdún ni ìṣòro bá jùlọ. Bó bá ti gbé ojú sí kámẹ́rà, ẹnu rẹ̀ á ti sọ "Ẹ má mira" kó tó mọ̀, panápaná á sì gan síbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lókè.

"Mà, fíìmù ni," Tún-un-ṣe á ní. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n mira."

Ọjọ́bọ̀ kan ló kọ́ wọn bí ẹni méjì ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú fíìmù. Ó ní kí panápaná jókòó kó máa bá àga òfìfo sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ẹnì kan wà níbẹ̀, ó sì yà á. Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, orúnkún ń dun panápaná, kò wá. Tíṣà ní kí alátùn-únṣe kọ́kọ́rọ́ jókòó sórí àga yẹn, kó máa dá ògiri lóhùn. Nígbà tó so méjèèjì pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ẹnu ya gbogbo wọn. Àwọn ọkùnrin méjì náà ń bára wọn sọ̀rọ̀, ọ̀kan ń bínú, èkejì ń bẹ̀ ẹ́.

Má-mira nawọ́ sókè. "Tíṣà, ẹ má bínú. Ṣé ẹ ń sọ pé àwọn méjì yìí ò pàdé rárá?"

"Wọn ò pàdé, mà. Kò sídìí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ pàdé. Kámẹ́rà kan là ń lò, ẹnì kan ló lè dojú kọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kan lè wá lónìí, kí èkejì wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Nígbà tí wọ́n túká, Má-mira rìn kọjá ilé ara rẹ̀ kó tó rántí yà síbẹ̀.

Kámẹ́rà kan ṣoṣo ló wà fún àwọn márààrún, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láti gbé e sílé. Nígbà tó kan Má-mira, ó ti kọ ọ̀rọ̀ fíìmù rẹ̀ sínú ìwé, kò ju gbólóhùn mẹ́wàá lọ. Obìnrin kan ń dúró de obìnrin kejì. Ẹni kejì wọlé, ó ti pẹ́ jù. Ẹni àkọ́kọ́ ní, "Mo pè ọ́." Ẹni kejì ní iṣẹ́ ló dá òun dúró. Wọ́n sọ díẹ̀ sí i, ẹni àkọ́kọ́ sì ní, "Mo ti gbàgbé. Jókòó." Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni Má-mira tìtorí rẹ̀ kọ ìyókù. Ẹni kejì tó ń pẹ́ dé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe é.

Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀gbọ́n wà nídìí ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ mẹ́ta wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń rán kọ́là.

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"O ṣé," ẹ̀gbọ́n dáhùn láàárín abẹ́rẹ́.

Má-mira kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kíá bí ẹni tó ń sá fún òjò. Ó ní àwọn ń kọ́ fíìmù, pé òun ń wá obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, pé ọ̀rọ̀ inú ìwé ni yóò kà, kò ní pẹ́. Ẹ̀gbọ́n yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gún wọn mọ́ tìmùtìmù ọwọ́ rẹ̀.

"Èmi àti ta ni?"

"Ẹ̀yin nìkan. Ọjọ́ ẹnì kejì ọ̀tọ̀ ni."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn kámẹ́rà ni màá wà."

"Ṣé wàá máa sọ̀rọ̀?"

"Ohun tó wà nínú ìwé nìkan."

Ẹ̀gbọ́n gba ìwé náà, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá mọ ojú aṣọ kì í ṣi ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Ọ̀rọ̀ náà yé e, Má-mira sì rí i pé ó yé e. Ẹ̀gbọ́n ká ìwé náà sí méjì. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ìbéèrè aránṣọ ló bi í.

"Aṣọ wo ni kí n wọ̀?"

Ní ọjọ́ Àìkú kìíní, aago mẹ́ta géérégé ni ẹ̀gbọ́n wọ ilé Má-mira nínú búláòsì aláwọ̀ sánmà kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, kọ́là rẹ̀ funfun, bọ́tìnnì rẹ̀ mẹ́fà. Ó jókòó síbi tí wọ́n ní kó jókòó. Má-mira dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà tó gbé sórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ń ka apá tirẹ̀ jáde kí ẹ̀gbọ́n lè rí ẹni wò. Ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé nígbà tó jẹ́ kámẹ́rà kan ni, gbogbo ọ̀rọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ tún sọ: wọ́n á yà á láti òkèèrè, wọ́n á tún yà á nítòsí, wọ́n á tún wá ya ojú nìkan. Ẹ̀ẹ̀méje ni ẹ̀gbọ́n sọ pé, "Mo ti gbàgbé. Jókòó." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ìwọ̀n ọrùn àti ìwọ̀n apá fún oníbàárà. Síbẹ̀, ìgbàkígbà tó bá ti sọ ọ́, ara Má-mira á yá fún ìṣẹ́jú kan, á sì tún rántí pé òun lòun kọ ọ́.

"Ṣé ó parí?" ẹ̀gbọ́n bi í.

"Ó parí. Ẹ ṣé gan-an ni."

Ẹ̀gbọ́n mú báàgì rẹ̀, ó lọ. Kò lò ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Má-mira mọ̀ nítorí pé ó wo aago.

Má-mira ya apá tirẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun àti àga òfìfo. Ní Ọjọ́bọ̀, Tún-un-ṣe so méjèèjì pọ̀. Àwọn tó máa ń rẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ń wo apá ọ̀tún, Má-mira náà ń wo apá ọ̀tún.

"Mà, ẹ wò ó," tíṣà ní. "Bí ẹnì kan bá ń wo ọ̀tún, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ wo òsì, kí ojú wọn tó lè kan ara wọn. Báyìí tẹ́ ẹ ṣe é, ó dà bí ẹni pé ẹ̀yin méjèèjì jọ ń dúró de bọ́ọ̀sì. Apá ibi tí kò yẹ lẹ gbé kámẹ́rà sí nígbà tẹ́ ẹ ń ya ẹnì kejì yín."

"Kí la wá máa ṣe sí i?"

"Ẹ tún un ṣe. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà wá. Kí wọ́n wọ aṣọ yẹn gan-an o, kí irun wọn rí bẹ́ẹ̀ gan-an, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní bá ti tẹ́lẹ̀ mu."

Ó yẹ kí ojú ti obìnrin tó ti ń ya fọ́tò láti ọgbọ̀n ọdún. Ojú kò tì í rárá. Ó ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n bí ẹni tó ń lọ síbi àṣeyẹ. "Wọ́n ní mo ṣì í yà," ló wí, ó sì ń gbìyànjú kí ojú rẹ̀ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ọgbọ̀n ọdún," ó wí. "Aago mẹ́ta?"

Ní ọjọ́ Àìkú kejì, kí ẹ̀gbọ́n tó jókòó, ó dúró láàárín yàrá, ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. "Lọ́jọ́ yẹn, bọ́tìnnì òkè ṣí sílẹ̀ nígbà tá a ń yà á láti òkèèrè. Ìgbà tó o súnmọ́ mi ni mo tó dé e. Ṣé kí n ṣí i, àbí kí n dé e?" Má-mira kò tilẹ̀ rí i. Ó lọ wò ó nínú kámẹ́rà, òótọ́ ni. Irú ènìyàn tí ẹ̀gbọ́n jẹ́ nìyẹn. Bí ẹ bá wọ aṣọ tó rán fún yín ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ wá gbé e fún yín.

Wọ́n yà á lọ́jọ́ náà, ó sì dára. Má-mira gbé e sórí kọ̀ǹpútà ní ilé ìkàwé, ó sì rí ohun tó ti ń wá láti ọdún mẹ́fà: òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo ara wọn lójú. Nígbà tí òun bá sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n á fetí sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bá ní "Jókòó," òun á jókòó. Tún-un-ṣe wò ó, ó mi orí, fún ìgbà àkọ́kọ́ kò sì ní kí wọ́n tún un ṣe. "Mà, èyí dáa gan-an," ló sọ.

Inú Má-mira bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè dúpẹ́. Bí ó bá ti dára, kí ni ẹ̀gbọ́n tún máa wá ṣe?

Ó dé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n ní ọjọ́ Ẹtì, ó purọ́. Ó ní fíríìjì ilé òun ló ń kùn nínú ohùn àwọn, pé tíṣà ní kò ṣe é lò. Irọ́ kò ṣòro fún un. Ohun tó ṣòro ni bí ẹ̀gbọ́n ṣe ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì ní, "Ó dáa, mo gbọ́."

Ní ọjọ́ Àìkú kẹta, ẹ̀gbọ́n kò jókòó. Ó gba ilé ìdáná lọ tààrà, ó gbé etí lé ara fíríìjì.

"Fíríìjì yìí ò kùn."

"Ó... ó máa ń kùn nígbà mìíràn ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ yọ wáyà kúrò lára ògiri, ó padà wá jókòó.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Má-mira kò tilẹ̀ tẹ kámẹ́rà náà, nítorí kò nílò rẹ̀. Ó kàn fi ìka lé e lórí ni. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ìgbà kẹrin, Má-mira ka tirẹ̀ tán, ó ń retí kí ẹ̀gbọ́n sọ pé òun ti gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n kò sọ ọ́. Ó yí ojú kúrò níbi tó yẹ kó máa wò, ó wo Má-mira gan-an.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pè ọ́," ó wí.

Èyí kò sí nínú ìwé. Má-mira di ọwọ́ igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mú.

"Ìgbà kẹta yẹn, Ìyá ló ní kí n pè ọ́. Wọ́n bi mí pé, ṣé kò tíì dé ni? Mo ní o ti wà lójú ọ̀nà. Mo ní mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ níta. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Irọ́ ni mo pa fún Ìyá kẹ́yìn láyé, ìwọ lo sì jẹ́ kí n pa á."

Ọdún mẹ́fà ni Má-mira ti fi ń rò pé òun mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n ń bínú sí. Kò mọ èyí. Ó fẹ́ jókòó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kó jókòó.

"Mo rò pé Ìyá á dúró dè mí ni," ó wí. "Ẹ̀gbọ́n mi, láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, bí mo bá ti ní kí ènìyàn má mira, kì í mira. Ó ti mọ́ mi lára. Mo rò pé bí mo bá ní mò ń bọ̀, gbogbo nǹkan á dúró bó ṣe wà títí màá fi dé." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó fi ń nu dígí kámẹ́rà. "Ẹ má bínú. Mi ò ní iṣẹ́ kankan tó jù wọ́n lọ lọ́jọ́ yẹn. Mo kàn jẹ́ aṣiwèrè ni."

Ẹ̀gbọ́n wo ojú fèrèsé. Ọmọ kan ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá níta, ó ń lu agogo rẹ̀ láìnídìí. Nígbà tí agogo náà lọ jìnnà, ẹ̀gbọ́n gbé ìwé sókè.

"Ṣé kí n tún un sọ?"

"Rárá," Má-mira dáhùn. "Ó ti tó."

Ẹ̀gbọ́n dìde, ó mú báàgì rẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà ló ti ní, "Fi fíríìjì rẹ padà síná o, kí ọbẹ̀ rẹ má baà kan." Ó sì lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn ju ọdún mẹ́fà lọ. Má-mira kò mọ̀ bóyá òun tún nǹkan ṣe ni àbí òun bà á jẹ́ pátá. Ó sọ ohun tó yẹ kó sọ, kò sì gbọ́ èsì kankan àfi ti fíríìjì. Kò sí ohun tó lè wò padà lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà, nítorí kò tẹ kámẹ́rà. Inú orí rẹ̀ nìkan ló wà, ó sì ń wò ó níbẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Oníbàárà kan wá ya fọ́tò ní Ọjọ́rú, Má-mira gbàgbé láti sọ fún un pé kó má mira. Ojú ọkùnrin náà di mẹ́rin lórí fọ́tò.

Ní Ọjọ́bọ̀, Tún-un-ṣe ní ohun kékeré kan ló kù. "Kí wọ́n dìde, kí wọ́n fa àga fún yín. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré. Bí a bá ti rí ìyẹn, fíìmù yín ti parí nìyẹn, a ó fi hàn ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀." Ó rán an létí pé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó kan alátùn-únṣe kọ́kọ́rọ́. Lọ́tẹ̀ yìí Má-mira kò nílò irọ́. Ó lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n bó ṣe rí gan-an: ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ìkẹyìn ni, kámẹ́rà ń lọ. Oníbàárà pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n ń fi okùn ìwọ̀n wọn èjìká obìnrin kan.

"Aṣọ kan náà?" ló bi í láìgbójú sókè.

"Aṣọ kan náà."

Ní ọjọ́ Àìkú kẹrin, aago mẹ́ta lù, ẹ̀gbọ́n kò dé. Má-mira ti gbé kámẹ́rà kalẹ̀ sí apá ibi tó yẹ. Ó ti fi ẹfun sàmì sí ilẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ àga yóò wà. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí ẹ̀gbọ́n kò bá wá, òun ò ní bínú, torí òun náà mọ bí ènìyàn ṣe ń ní mò ń bọ̀ tí kò sì ní dé. Ó ń sọ bẹ́ẹ̀, ó ń sunkún.

Aago mẹ́ta ààbọ̀ ni ilẹ̀kùn dún. Ẹ̀gbọ́n wọlé, ó kí i, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Búláòsì aláwọ̀ ilẹ̀ kan ló wà lọ́rùn rẹ̀, òdòdó ńláńlá kún ara rẹ̀, kò sì ní kọ́là rárá.

Má-mira wo aṣọ náà. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó tún wo aṣọ náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, aṣọ yẹn kọ́ nìyí."

Ẹ̀gbọ́n wo àyà ara rẹ̀ bí ẹni tó ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́. Obìnrin tí kò gbàgbé bọ́tìnnì kan ṣoṣo láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. "Hẹn-ẹn," ó wí. "Mo gbàgbé."

"A ò lè fi èyí yà á. Kò ní bára mu."

"Mo mọ̀. Á jẹ́ pé mo máa tún padà wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè nìyẹn. Màá wọ èyí tó yẹ."

"Kámẹ́rà ń padà lọ láàárọ̀ ọ̀la. Mo sọ fún yín."

"O sọ fún mi."

"Kò ní sí ńbí lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

"Ṣé mo ní etí dídi ni? Mo ní mo gbọ́." Ẹ̀gbọ́n gbé báàgì rẹ̀ sórí tábìlì, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ti ọ̀kan bọ abẹ́ àga pẹ̀lú ẹsẹ̀. "Aago mẹ́ta náà ni, àbí?"

Má-mira mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ń wo bàtà tó wà lábẹ́ àga. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ẹ̀gbọ́n ti ń wọlé yìí, kò tíì fi omi tutù kan ẹnu níbẹ̀.

"Kí lò ń wò bẹ́ẹ̀?" ẹ̀gbọ́n ní. "Òùngbẹ ń gbẹ mí. Bu omi wá kí n mu."